Wọn ò ní gbé mọ́tò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tò? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Dartford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mo parí mọ́tò mi. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ gbá bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, o gbìyànjú. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá takú sí ọ lọ́wọ́ lójú títì, ìwọ lo máa tì í délé o. Àwọn tó ń wá gbé mọ́tò nílùú yìí kì í fọwọ́ kan kit car.”

Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun kan náà ni Òyìnbó tí mo ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀ sọ? Odidi ọdún kan ni mo fi wa mọ́tò náà láìní breakdown cover, ìyẹn owó téèyàn ń san sílẹ̀ kí wọ́n lè wá tún mọ́tò ṣe tàbí gbé e tó bá takú. Tí mo bá ti kọjá Maidstone báyìí, àdúrà ló kù.

Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò dìídì pa á o, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni, ẹni yẹn náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Fún ẹni tí ò bá mọ ohun tí mò ń sọ, kit car ni mọ́tò téèyàn rà ní ẹyọ-ẹyọ, ṣáásì lọ́tọ̀, bọ́dì lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀, tí yóò wá wọ gẹ́rẹ́jì lọ tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Tèmi jẹ́ irú Seven, mọ́tò pẹlẹbẹ tí ò ní ilẹ̀kùn, tí iná iwájú rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ara Ford Sierra kan tí wọ́n ti fẹ́ fọ́ dànù ni ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ ti wá. Ìyàwó mi ní òkú ni mo jí dìde.

Lọ́dún 1957 ni Lotus, iléeṣẹ́ mọ́tò Colin Chapman, gbé Seven jáde. Nígbà yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí gọbọi lórí mọ́tò tuntun tó bá jáde tán pátápátá láti iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lórí èyí tí oníbàárà máa tò fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn ya lù ú. Nígbà tí owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT dé ní 1973, àǹfààní yẹn pòórá. Ọdún yẹn náà ni Lotus yọwọ́ kúrò nínú Seven, tí iléeṣẹ́ Caterham gbà á. Dartford tiwa yìí ni wọ́n kó iléeṣẹ́ wọn wá ní 1987, ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n tó ń dẹ́rù bà mí yìí ò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Àwọn mọ́tò ìgbà náà, bí olówó wọn bá ṣe tò wọ́n náà ló ṣe máa gbé wọn sójú títì. Kò sí ìdánwò líle kan tó ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan dáa, àwọn kan sì rèé, kéèyàn má rí wọn ló dáa jù. Ibẹ̀ ni orúkọ burúkú náà ti bẹ̀rẹ̀: mọ́tò ẹ̀yìnkùlé, mọ́tò tí ò ní bàbá. Àmọ́ láti 1998 ni ìjọba ti ń fi àyẹ̀wò SVA yẹ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wò, nígbà tó sì di 2009, IVA gbapò rẹ̀. Ẹni tí ò bá yege ò ní gba nọ́ńbà. Ẹ ò lè mọ bí IVA ṣe le tó àfi tẹ́ ẹ bá ṣe é. Ẹnu irin, orí bóòtù, ohunkóhun tí ọwọ́ tàbí orúnkún bá lè kàn, wọ́n fẹ́ kí igun rẹ̀ yípo tó mìlímítà 2.5, kó má bàa ya èèyàn lára. Òru méjì ni mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gẹ́rẹ́jì, tí mò ń fi fìlà rọ́bà kékeré dé orí bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dé fìlà fún ọmọ-ọwọ́. Mọ́tò tó bá gba ibẹ̀ kọjá ní bàbá.

Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìtàn àtijọ́ yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ yìí ró títí dòní. Inṣọ́ránsì ni. Tẹ́ ẹ bá lọ sórí ìkànnì àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì tó wọ́pọ̀, tẹ́ ẹ ní kit car lẹ ní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní dá yín lóhùn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ máa lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì lé lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́, á rò pé gbogbo ilé ló ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni inṣọ́ránsì, ọ̀tọ̀ ni breakdown cover. Inṣọ́ránsì ló ń sanwó nígbà tẹ́ ẹ bá kọlu ẹlòmíì tàbí tí olè bá gbé mọ́tò lọ. Breakdown cover ló ń rán ẹni tó mú sípánà dání wá bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀rọ̀ yìí yí síbòmíì náà o: àwọn kan wà tí wọ́n ra inṣọ́ránsì comprehensive, tí wọ́n wá ń rò pé ó ti kó gbígbé mọ́tò mọ́ra. Àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé yín, kò sí níbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo ka ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ breakdown cover mẹ́rin, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń béèrè ò ju bí mọ́tò ṣe wúwo sí, bó ṣe gùn sí, bó ṣe fẹ̀ sí, bóyá ó ní nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá owó orí rẹ̀ àti MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀, pé. Tọ́ọ̀nù 3.5 ni òté ìwúwo tí wọ́n sábà máa ń fi lélẹ̀. Seven mélòó ló máa wọ̀n tó ìyẹn? Kìlógíráàmù 500 sí 600 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin méjì tó jẹun kánú lè tì í gun orí òkè. Mo wá ìbéèrè “ta ló tò ó?” títí, mi ò rí i.

Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. AA, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá gbé mọ́tò tó bá takú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905 (iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa ta awakọ̀ lólobó pé ọlọ́pàá ti lúgọ síwájú, ẹ má bi mí bó ṣe di ẹni iyì), ayé tí wọ́n bí i sí, ṣebí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò níbẹ̀? Iléeṣẹ́ kan á ṣe ṣáásì, iléeṣẹ́ mìíràn á kan bọ́dì lé e. Àwọn tó ti ń tún irú ìyẹn ṣe, kí ni wọ́n fẹ́ máa sá fún lára tèmi?

Ọ̀kan nínú ìwé mẹ́rin yẹn kọ tèmi. Èyí tí wọ́n fi ṣe èènì mọ́ àkáǹtì báńkì ni, ó ní òun ò gba mọ́tò tó bá ti dàgbà jù. Níbí ni nọ́ńbà Q ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Mọ́tò tí ọjọ́ orí tàbí orírun rẹ̀ ò dájú ni DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ń fún ní nọ́ńbà tó fi Q bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ kit car tí wọ́n fi ẹ̀yà mọ́tò àlòkù tò sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ tẹ Q yẹn sórí ìkànnì, kọ̀ǹpútà á béèrè pé ọdún wo ni wọ́n ṣe é, ẹ ò ní rí ìdáhùn fún un, á sì lé yín jáde. Kọ̀ǹpútà ló kọ̀ yín o, kì í ṣe iléeṣẹ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Nígbà tí èmi pè, ọmọbìnrin tó gbé e ní àwọn ò gba irú rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bi ọ̀gá rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi padà dé pé wọ́n gbà á, kò sí èlé kankan. Mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju owó tí mo san lọ.

Ohun tí mi ò rí ẹnikẹ́ni sọ fún mi, tó sì yẹ kí wọ́n sọ, ni pé ibi tí kit car ti sábà máa ń takú ni iwájú ilé. Ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń wà á. Gbogbo ìgbà òtútù, abẹ́ aṣọ ló wà nínú gẹ́rẹ́jì, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹrin, bátìrì ti kú fin-ín. Èyí tó kéré jù nínú breakdown cover kì í débẹ̀: òfin wọn ni pé mọ́tò gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé tó ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, bíi mítà 400. Ẹ rántí san owó tilé mọ́ ọn. Èyí tó kéré jù yẹn náà, gẹ́rẹ́jì tó bá sún mọ́ jù ló máa gbé yín lọ, mẹ́káníìkì tó wà níbẹ̀ á sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á wo ẹ́ńjìnnì Sierra nínú ohun tí kì í ṣe Sierra, á tún pa á dé. Èyí tó máa gbé mọ́tò délé yín láti ibikíbi ni kẹ́ ẹ rà. Nínú gẹ́rẹ́jì tiyín ni ẹni tó tò ó wà.

Bí wọ́n ṣe máa gbé e náà tún wà. Tẹ́ ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé mọ́tò yín sún mọ́lẹ̀ gan-an, pé flatbed lẹ fẹ́, èyí tó máa gbé gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá rán èyí tó ń gbé táyà iwájú nìkan sókè, fáíbà imú mọ́tò lè fọ́, táyà ẹ̀yìn tó ń wa mọ́tò á sì máa yí gíà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi máa ń gbé pákó méjì sínú mọ́tò, tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú táyà kí ikùn ẹ́ńjìnnì má bàa ha irin.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti sún mọ́ òótọ́: mọ́tò tí ò tíì gba nọ́ńbà, tó ń lọ síbi IVA, kò sẹ́ni tó máa dáhùn fún un, orí tírélà ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ibi eré ìje náà, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ò dé ibẹ̀. Ẹni tí ò bá sì ní cover rárá, tí ọlọ́pàá bá ní kí wọ́n gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò lójú títì, £192 ni owó tí òfin kọ sílẹ̀ fún mọ́tò tí kò bàjẹ́ púpọ̀, yàtọ̀ sí owó ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni tèmi wá takú lóòótọ́, lórí A20, nígbà tí mo kọjá Wrotham. Kò hukọ́, kò jó, ó kàn dákẹ́. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ka ìṣísẹ̀ títí ó fi tó mítà 45, mo gbé C-caution sílẹ̀ (ẹ má dán ìyẹn wò lórí motorway o), mo tẹ̀ wọ́n láago. Wákàtí kan ó lé díẹ̀, ọkùnrin kan tó ti ń hewú dé. Ó tẹ nọ́ńbà mi sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ ò bá a sọ nǹkan gidi kan. Ó gbé e sílẹ̀. “Ṣé o ní àwòrán wáyà rẹ̀?” Mo fà á yọ nínú ọ̀rá lẹ́yìn ìjókòó, èyí tí mo fi bírò yà fúnra mi. Ó tẹ́ ẹ sórí bónẹ́ẹ̀tì, ó fìka tọ̀ ọ́ láti bátìrì dé pọ́ǹpù epo.

“Bọ́dì fáíbà,” ó ní, ó mi orí. Mọ́tò tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin, ara rẹ̀ náà ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Fáíbà kì í gbé iná. Ohun kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ tó kan ṣáásì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ wo kit car tó bá dákẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí koríko, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó pè mí kí n wá wò ó. Wáyà pọ́ǹpù ni mo de mọ́ ṣáásì lórí ọ̀dà, mi ò ha ọ̀dà náà kúrò kí n tó de bóòtù. Ẹnu bóòtù nìkan ló ti ń mú un dé irin láti ọjọ́ yìí wá, ìpẹtà sì ti wọ ibẹ̀. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré, ó ha ọ̀dà náà títí irin fi ń dán, ó de bóòtù padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù hùn.

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bi mí pé ta ni mẹ́káníìkì tó de wáyà yẹn bẹ́ẹ̀. Mo ní ọkùnrin kan ní Dartford ni.