Ẹ Yàgò Lọ́nà fún Aláwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ní yunifásítì l'Ámẹ́ríkà, tẹ́ ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òru mọ́ tọ̀sán kí owó ilé ìwé lè pé, ẹ rọra jókòó kí n tó sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá pe ọmọ yẹn nírọ̀lẹ́ tí kò gbé fóònù, ẹ má rò pé ó wà ní ilé ìkàwé. Ó wà nínú igbó ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ń ju àwo.

Àwo ike ni o, ẹ̀gbọ́n èyí tí wọ́n ń jù fún ajá pé kó lọ gbé e wá. Gọ́ọ̀fù àwo (disc golf) ni wọ́n pè é, àmọ́ kò sí igi gọ́ọ̀fù, kò sí ihò. Òpó irin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n so ṣéènì rọ̀ yí i ká, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ onírin sábẹ́ rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ méjìdínlógún ló sábà máa ń wà nínú ọgbà kan, ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù kí àwo tó wọ gbogbo wọn tán ló borí. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ìwé, ẹnikẹ́ni ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn gan-an nìyẹn: gọ́ọ̀fù mẹ̀kúnnù.

Mẹ̀kúnnù wo? Àwo mẹ́ta tó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan fún agbedeméjì, ọ̀kan fún ìdí apẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí mẹ̀kúnnù wa gbé kọ́ ẹ̀yìn. Báàgì tó gba àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí ọ̀kan nínú èyí tí ike rẹ̀ dáa lè tó dọ́là 20. Tí ẹ̀yìn bá ń ro ó, á ra kẹ̀kẹ́ àfàlọ́wọ́ tó ní àga lórí. Ó ní táwẹ̀lì àwo. Ó ní àpò kékeré tó ń fọwọ́ pa kí òógùn má bàa yọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí apẹ̀rẹ̀ ṣe jìnnà tó, apẹ̀rẹ̀ tí ìyá àgbà ń fi ojú lásán rí. Ó wá ní àwo kékeré kan tí kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n gbé e síbi tí àwo ńlá balẹ̀ sí lọ. Ó wà nínú òfin o, ẹ̀fẹ̀ kọ́.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n máa ń tẹ̀ sórí àwo: bó ṣe ń yára, bó ṣe ń rà bàbà, bó ṣe ń yà nígbà tí eré ṣì pọ̀, bó ṣe ń yà tí agbára bá tán. Ọmọ tí kò rántí déètì ìdánwò rẹ̀ á ka nọ́ńbà gbogbo àwo yẹn lórí láìwòwé. Á wá mú èyí tó yára jù, á wọn atẹ́gùn, á sáré mẹ́ta, á jù ú sára igi tí kò jìnnà sí i ju mítà mẹ́wàá lọ.

Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ti rà. "Ṣé ó fẹ́ gbéyàwó ni, àbí ó fẹ́ ṣí búkà?"

Ed Headrick ló kó wa sí gbogbo èyí. Ilé iṣẹ́ Wham-O tó ń ṣe Frisbee ló ti ṣiṣẹ́ rí. Lọ́dún 1975, wọ́n ṣí pápá àkọ́kọ́ ní Oak Grove ní California. Lọ́dún 1976 ó dá PDGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta gọ́ọ̀fù àwo, sílẹ̀, ó sì mú nọ́ńbà kìíní fún ara rẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ti kọjá 200,000 báyìí, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kéré á máa dáhùn ìkíni bí olóyè. Nígbà tí Headrick kú lọ́dún 2002, wọ́n po eérú rẹ̀ mọ́ ike, wọ́n fi ṣe àwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pa màlúù méje sin òkú, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà le dé, ẹ lọ sí Yunifásítì Winthrop ní Rock Hill, South Carolina. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje gọ́ọ̀fù àwo ti Amẹ́ríkà (USDGC) níbẹ̀. Okùn aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ta káàkiri. Koríko tó wà lápá ìhín okùn àti tọ̀hún, ọ̀kan náà ni, òjò kan náà ló ń pa wọ́n. Àmọ́ kí àwo sáà ré okùn kọjá, wọ́n á bu ìjù kan lé e fún yín. Ní apẹ̀rẹ̀ kẹtàdínlógún, ìdì koríko gbígbẹ ni wọ́n tò yí i ká. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n ń dé ibẹ̀, ó ń dorí kodò.

Àwọn ọmọ á ní owó wà nídìí ẹ̀. Òótọ́ ni: lọ́dún 2021, Paul McBeth, ògbóǹtarìgì nínú àwo jíjù, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Discraft, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo, fún mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n McBeth nìyẹn. Tiyín ṣì ká ṣòkòtò dé orúnkún nínú adágún ilé ìwé, ó ń fẹsẹ̀ wá àwo dọ́là 20.

Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ló ni ọ̀nà, ìyẹn ni wọ́n sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò kẹ́mísírì, tó ti fi nǹkan dí etí, ò lè gbọ́ "Fore!" (ẹ ṣọ́ra!) tí wọ́n ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Àwo gan-an kì í gbọ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ jù: "Yà! Yà díẹ̀ sí i! Jókòó! Má wọ odò, mo bẹ̀ ẹ́!" Tó bá wá kọlu igi, igi ló jẹ̀bi. Wọ́n á bú u, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Igi óòkù tó ti wà nínú ọgbà kí wọ́n tó bí bàbá wọn, tí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó ilé ìwé.