Kì í ṣe owó ilé-ìwé ló mú Másítáàsì wọ́n

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí lẹ́tà ìgbaniwọlé ti wà lórí tábìlì mi. Másítáàsì nínú Finance ni, ní yunifásítì kan tí ọkọ̀ ò ní ju wákàtí kan lọ kó tó débẹ̀ láti Lágéré n'Ífẹ̀ níbí. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ń kí mi kú oríire. Mo dúpẹ́. Àmọ́ látọjọ́ tó ti dé ni mo ti ń ṣe ìṣirò, ìṣirò náà ò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kékeré kan tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó. Èmi ni mò ń lọ wo ìsọ̀ ẹni tó fẹ́ yáwó, èmi náà ni mò ń padà lọ gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí obìnrin tó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, tó mú ìwé pélébé lọ́wọ́ ní ọjà Odò-Ògbè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni. Iṣẹ́ ìran wa ni. Ìjẹ̀ṣà ni wá, òṣómàáló sì ni bàbá bàbá mi. Wọ́n á ru aṣọ kúrò n'Íléṣà, wọ́n á tà á láwìn láti abúlé dé abúlé, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ òṣómàáló bí ẹni pé agídí lásán ni. Kì í ṣe agídí. Bàbá mi sọ fún mi pé bàbá àwọn kì í tú ẹrù aṣọ fún ẹni tí wọn ò bá tíì mọ oko rẹ̀: kí ló gbìn, ìgbà wo ni yóò kórè, ta ló tún jẹ lówó. Kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti mọ ibi tí owó máa gbà wọlé.

Kí ló wá dé tí mo fi ń wá ìwé kiri? Kòkó ni.

Ní 2024, iye kòkó gòkè lọ́jà àgbáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000. Oníbàárà mi kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wá bá wa, owó tó fẹ́ yá ju gbogbo èyí tí mo ti fọwọ́ sí rí lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ilé ìkẹ́rù rẹ̀. Mo ti ki ọwọ́ bọ inú àpò kòkó rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń dún ṣaraṣara bí èyí tó gbẹ dénú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bi mí pé bí iye kòkó bá já sí ìdajì kí obìnrin yìí tó tà á tán, èló ló máa kù nínú owó wa, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ò ní orí, kò ní ìdí. Wọ́n gba fáìlì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan n'Íbàdàn tí kò rí oníbàárà náà sójú rí. Ẹni yẹn ní Másítáàsì. Ojú ewé mẹ́ta ló fi ṣàlàyé ohun tí mi ò lè ṣàlàyé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dára, ohun tó sì dùn mí nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìmọ̀ yẹn ò wúlò. Mo fẹ́ ẹ. Iye tó máa ná mi ni mò ń bá fà á.

Bí a bá ń bi ara wa pé "èló ni Másítáàsì?", owó ilé-ìwé nìkan la máa ń kà. Tèmi, pẹ̀lú ìwé, owó ọkọ̀ àti iṣẹ́ ìwádìí ìparí, mo ṣírò rẹ̀ sí ₦800,000. Mo lè rí i san. Àmọ́ bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì fún oṣù 18, owó oṣù mi dúró nìyẹn. ₦95,000 lọ́nà 18 jẹ́ ₦1,710,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦2,510,000. Owó tí kò sí lórí rìsíìtì kankan ju ìlọ́po méjì owó ilé-ìwé lọ.

Mo wádìí lọ́wọ́ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé èló ni ẹni tó ní Másítáàsì nípò mi fi ń ju àwa yòókù lọ. Wọ́n ní bíi ₦40,000 lóṣù, ìyẹn ₦480,000 lọ́dún. Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ní 2024 kan náà, ẹni tó ra Treasury Bills, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yáwó, fún ọdún kan ń rí ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdá 20 lórí ₦2,510,000 jẹ́ ₦502,000 lọ́dún, ojú owó sì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ó ju ₦480,000 lọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù lóru ọjọ́ yẹn. Èlé náà ti wálẹ̀ látìgbà yẹn, òótọ́ ni. Ká tilẹ̀ ní ìdá 16 ni, ₦401,600 ni yóò mú wá, èrè tó kù fún mi lọ́dún ò tó ₦80,000.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní owó oṣù á máa gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ṣé ọjà dúró? Ní December 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà kọjá ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù 18 náà ńkọ́, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀? Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti March di December 2020. Ní 2022, wọ́n tún lo oṣù mẹ́jọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ìyà ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá lé, ₦95,000 mìíràn ló lọ.

Ẹ wá yọ owó oṣù yẹn kúrò. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ tí mo sì ń kàwé, ₦800,000 péré ni mò ń ná, ìdá 20 rẹ̀ ò ju ₦160,000 lọ. Kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ẹnì kan á ní ẹni tí kò níṣẹ́ ò ní owó oṣù tó máa pàdánù, kó yáa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù, torí àwọn àbúrò wa tó sin ìlú tán, tí wọn ò ríṣẹ́, tí wọ́n padà sí Ifẹ̀ wá gba yàrá, tí wọ́n ní "kí n má kàn jókòó lásán." ₦40,000 tí mo ń sọ yẹn, ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi kún un fún. Mo ti jókòó níbi tá a ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. Ẹni tó ní Másítáàsì tí kò ṣiṣẹ́ rí àti ẹni tó ní dìgírì kan ṣoṣo, owó kan náà la fi bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ wá iṣẹ́ náà ná, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì, tirẹ̀ yàtọ̀, kò sí ọ̀nà míì fún un. Ẹni tó ní HND, tí wọ́n máa ní kó kọ́kọ́ ṣe PGD, dìpúlómà tó máa ń ṣáájú Másítáàsì, kó fi ọdún yẹn kún ìṣirò tirẹ̀.

Àwọn kan ní kí n lọ ṣe CFA, ìwé ẹ̀rí àgbáyé fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò. Ìdánwò mẹ́ta ni, pẹ̀lú wákàtí 4,000 lẹ́nu iṣẹ́ tó bá a mu, láàárín ó kéré tán oṣù 36. Èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ lọ kó sì máa ṣe é, mo fẹ́ràn ìyẹn. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ₦500 kí June 2023 tó dé, tó sì ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di 2024. Apá mi ò ká a báyìí.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi lánàá. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí n máa kúrò níbi iṣẹ́ ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, torí Ẹtì àti Sátidé ni kíláàsì wa pọ̀ sí jù, kí n máa fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú dí i. Mo so ìṣirò kòkó yẹn mọ́ ọn, èyí tí mo gbìyànjú fúnra mi, ojú ewé kan. Bí wọ́n bá gbà, màá sanwó kí oṣù tó parí. Bí wọn ò bá gbà, màá dá àyè yẹn padà, iṣẹ́ ni mi ò ní fi sílẹ̀. Wọn ò tíì fèsì. Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó kọjá sí Odò-Ògbè, màá lọ bi wọ́n.