Ta ló ní kí ẹ máa mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù?

Ẹnìkan tún ti gbé e dé ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì orí kọ̀ǹpútà wa jọ, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, kí wọ́n máa pàdánù lọ ràì, torí ẹni tó bá gbé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mú agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù. Gbogbo wọn ń mi orí bí ẹni gbọ́ ìwàásù. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe Fantasy Premier League là ń wí. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni tiwa: oníkálukú ní kíláàbù tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń bá wa gbá a. Bí sáà bá parí, àwọn tí kò wọ playoff, ìpele àṣekágbá tí wọ́n ti ń du ife, á ṣẹ́ kèké, bí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣe é, kí a tó pín àwọn ọmọ tuntun.

Kèké yẹn gan-an ni wọn kì í kà. Nígbà kan, kíláàbù tó gbẹ́yìn ní àǹfààní 25 nínú 100 láti kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọmọ tuntun. Ní 2019 ni NBA yí i padà: àwọn mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ní 14 nínú 100 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ṣeé ṣe jù kí ẹni tó gbẹ́yìn bọ́ sí lórí ìlà àwọn tó fẹ́ mú ọmọ tuntun ni ipò karùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48 nínú 100. Karùn-ún o! Òun náà ló sì ń ṣẹlẹ̀. Detroit gbẹ́yìn ní 2023, karùn-ún ni wọ́n bọ́ sí. Ní 2024 wọ́n pàdánù 68 nínú eré 82, karùn-ún náà ni. Ní 2025 ó kan Utah: karùn-ún. Ta wá ló mú ẹni àkọ́kọ́? Atlanta ni ní 2024, àǹfààní 3 péré nínú 100 ni wọ́n ní. Dallas ni ní 2025, tiwọn ò tilẹ̀ pé 2, eré kan ṣoṣo ló sì kù kí wọ́n wọ playoff lọ́dún yẹn. Wọ́n gbé Cooper Flagg, ọmọ tuntun tí gbogbo wọn ń wá lọ́dún yẹn, lọ sílé.

Wọ́n á ní Hakeem Olajuwon, ọmọ Nàìjíríà tó di ìràwọ̀ NBA, ńkọ́. Ní 1984 tí Houston mú un, kíláàbù méjì péré ló ń ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Ìfura pé Houston mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù wà lára ohun tó mú kèké wọlé ní 1985. Ìgbà wo ni Houston sì gba ife? 1994. Ta nínú yín ló fẹ́ dúró fún sáà mẹ́wàá?

Ìràwọ̀ kì í sì í ṣe ti ẹni àkọ́kọ́ nìkan. Giannis Antetokounmpo tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ipò 15 ni Milwaukee ti mú un ní 2013. Ipò 41 ni Denver ti mú Nikola Jokić, ọmọ Serbia, ní 2014. Àwọn méjèèjì ló gba ife fún wọn. Philadelphia tó sọ pípàdánù di iṣẹ́ láti 2013, tó borí nínú eré 10 péré ní sáà 2015 sí 2016, kò kọjá ìpele kejì playoff títí di 2025.

Ó dáa, San Antonio pàdánù, wọ́n sì rí Victor Wembanyama, ọmọ Faransé tó ga fíofío, mú ní 2023. Mo gbà.

Nínú líìgì tiwa, bí kíláàbù bá ti ń pàdánù, òǹwòran á dín kù, owó á tẹ̀lé e, àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi kì í sì í fẹ́ bá a ṣàdéhùn. Ẹni tó bá fi pípàdánù ṣe ọgbọ́n kì í pẹ́ tí kò fi ní wọlé mọ́ rárá, àwa là ń wá ẹni tí yóò gba òkú kíláàbù náà. Sáà tó kọjá, ẹnìkan gba ipò kẹjọ mọ́ mi lọ́wọ́ torí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ló bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù pàdé, ìgbà tí onítọ̀hún ti kó àwọn tó fara pa sórí pápá. Nígbà tí èmi bá a pàdé, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù!

Líìgì àwọn obìnrin tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Àríwá Amẹ́ríkà, PWHL, ti rí i ṣe láti 2024: bí o bá ti já kúrò nínú playoff, àmì tí o bá gbà lẹ́yìn ìgbà náà ló ń sọ ìgbà tí wàá mú ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ń borí ló ń kọ́kọ́ mú. Mo ti gbé e síwájú àwọn tó ń darí tiwa. A ó dìbò lé e lórí kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, bí iná bá wà ṣá.