Àtúnṣe: "1000W" ara páálí kọ́ ni agbára sípíkà

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu ní Benin pé sípíkà Bluetooth tí wọ́n kọ 1000W (wáàtì 1000) sí lára páálí ló ń dún ju èyí tí wọ́n kọ 20W sí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

PMPO ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀, ìyẹn agbára gíga jù lọ tí wọ́n ní ẹ̀rọ lè dé fún ìgbà kúkúrú, iye tí kò ní òṣùwọ̀n kan pàtó. RMS ni kí ẹ wá, agbára tí ẹ̀rọ lè lò láìdáwọ́dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: bátìrì 1200 mAh tó jẹ́ 3.7V, 4.44 Wh péré ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn iná tó lè gbé 4.44W fún wákàtí kan. Bó bá ń lo 1000W lóòótọ́, kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 16 lọ tí yóò fi kú fin-ín! Kódà, bí RMS bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ròkè tó) 3 péré ló fi ń ròkè sí i.

Bí ẹ bá dé ọjà Ouando, ẹ fi fóònù kan náà àti orin kan náà dán méjèèjì wò. Ẹ yí ohùn dé òpin, kí ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 10. Èyí tí ohùn olórin bá ń ya, tí ìlù rẹ̀ ń dún bí agolo, ẹ má rà á. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò pẹ̀lú: àpótí ńlá tó fúyẹ́, òòfà kékeré àti bátìrì kékeré ló sábà ń wà nínú rẹ̀.