Lẹ́tà Kan Lórí Bánà Ọdún

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì, òpó iná tó bá bọ́ lọ́wọ́ àwòrán olóṣèlú nígboro Ìbàdàn, kí ó máa dúpẹ́. Agbádá, fìlà àti ẹ̀rín músẹ́ á gba bánà kan. Nísàlẹ̀, níbi tí àyè bá ṣẹ́kù sí, ni wọ́n á kọ "Complement of the Season" sí gàdàgbà.

Compliment, tó ní lẹ́tà i láàárín, ni ẹni tó fẹ́ kí wa kú ọdún ń wá. Ọ̀rọ̀ ìkíni àti ìyìn ni. Complement, tó ní lẹ́tà e, ni ohun tí a fi ń kún nǹkan mìíràn kí ó tó pé, bí ọbẹ̀ ti jẹ́ sí iyán. Ohun tí Ọlọ́lá wá ń sọ fún ará àdúgbò ni pé òun ni àfikún tí ọdún ń retí, pé Kérésìmesì ì bá kù díẹ̀ káàtó bí kì í bá ṣe ti fọ́tò òun. Bí mo bá sì wo bí ojú rẹ̀ ti tóbi tó lórí bánà náà, mo máa ń rò pé bóyá kò tilẹ̀ ṣì í kọ.

Amòye kan kì í ṣàì gbèjà wọn. Á ní baba kan ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìyẹn complere ti èdè Látìn, tó túmọ̀ sí kí a kún nǹkan. Á ní láàárín ọdún 1600 sí 1650, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń fi lẹ́tà e kọ ọ̀rọ̀ ìkíni yìí, kí lẹ́tà i tó gba èdè Ítálì àti Faransé wọlé tó wá borí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ fi àkọtọ́ ayé ijọ́un ṣe àwíjàre kọ́kọ́ wọ ṣòkòtò ayé ijọ́un lọ sóde àríyá, kí a rí i.

Ta ló tilẹ̀ ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kí wa? "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, àṣèyí ṣàmọ́dún" wà nílẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ti di ti ẹni tó ń ṣọ́ géètì tó fẹ́ gba owó ọdún. Ẹni tó bá ti di ènìyàn ńlá, Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ẹ́, kódà bí oṣù Kejì bá ń lọ, á ṣì máa rọ̀jò rẹ̀ lé wa lórí. Ká ní wọ́n ń fẹnu sọ ọ́ nìkan ni, àṣírí ì bá bò, nítorí ìró kan náà ni méjèèjì ní létí. Bánà ló tú wọn fó.

Ẹ má wulẹ̀ bá atẹ̀wé jà. Iṣẹ́ tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tipẹ́ ni. Bí ọdún bá yí, á pààrọ̀ ọdún, á pààrọ̀ fọ́tò, bí ẹgbẹ́ mìíràn bá sì wọlé, á pààrọ̀ àmì ẹgbẹ́. Lẹ́tà e yẹn nìkan ni gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú fohùn ṣọ̀kan lé lórí.