Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló yè ní Saint-Pierre

Ìtàn kan wà tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù rí. Wọ́n ní òkè ayọnáyèéfín bú ní ìlú Saint-Pierre ní erékùṣù Martinique, òkúta yíyọ́ ya wọ ìlú bí àgbàrá, ó gbé gbogbo èèyàn mì, àfi ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ irọ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń dùn mí, torí nǹkan bí 28,000 èèyàn ló kú. Ó yẹ ká sọ ikú wọn bó ṣe rí.

Òkun Karibéánì ni Martinique wà, abẹ́ ìjọba Faransé ló sì wà dòní. Ọdún 1635 ni wọ́n tẹ Saint-Pierre dó sí etíkun, lẹ́sẹ̀ òkè Mont Pelée tó ga tó nǹkan bí 1,400 mítà. Ìrèké ló sọ ìlú náà dọlọ́rọ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì fi òógùn wọn gbìn ín. Àwọn ẹrú yìí náà ló dìde níbẹ̀ ní oṣù May 1848, tí gómìnà fi kéde òmìnira ní wàràǹṣeṣà. Fort-de-France ni olú ìlú, àmọ́ Saint-Pierre lowó wà, ibẹ̀ náà ni ilé tíátà wà.

Ní oṣù April 1902, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, eérú ń bọ́ sórí òrùlé. Ní May 5, ẹrẹ̀ gbígbóná ya wálẹ̀, ó bo ilé iṣẹ́ ṣúgà Guérin. Àwọn ará oko sá wọ ìlú, wọ́n rò pé ibẹ̀ láàbò wà. Ní May 8, ọjọ́ Ìgòkè Re Ọ̀run, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, òkè náà bú.

Òkúta yíyọ́ kọ́ ló pa wọ́n. Ti Mont Pelée ki bí àmàlà tó dì, ẹnu ihò òkè ló máa ń kó jọ sí. Ìkùukùu ló sọ̀ kalẹ̀: gáàsì gbígbóná, eérú àti àfọ́kù òkúta, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rọ́ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti dé etíkun. Ó wó ògiri olókùúta, ìlú sì gbiná. Ẹni tó mí i símú, inú rẹ̀ jó. Alfred Lacroix, onímọ̀ òkúta ará Faransé, wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ayé ti mọ irú ìkùukùu yìí dáadáa.

Ẹlẹ́wọ̀n yẹn wà lóòótọ́. Cyparis ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Sylbaris. Ògiri túbú rẹ̀ nípọn, ihò kékeré kan ṣoṣo ló ní, kò sì kọjú sí òkè. Síbẹ̀, ó jóná lẹ́yìn àti lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n Léon Compère-Léandre, tó ń ṣe bàtà ní ìpẹ̀kun ìlú, náà yè. Ó sá wọlé, àwọn tó wọ yàrá rẹ̀ kú lójú rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tó jó rìn títí dé ìlú Fonds-Saint-Denis. Ọkọ̀ ojú omi Roddam já kúrò ní èbúté pẹ̀lú òkú àti alààyè. Àwọn kan yè nínú ọkọ̀ Roraima tó jóná, ọkọ̀ ogun Suchet sì yọ àwọn tó jóná nínú omi.

Níbo wá ni "ẹnì kan ṣoṣo" ti wá? Ẹgbẹ́ eléré Barnum & Bailey ló mú Cyparis káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi àpá rẹ̀ han èèyàn, tí wọ́n ń polówó pé òun nìkan ló yè. Ìpolówó ọjà ni a wá ń ka sí ìtàn.

Ẹni tó bá sì ń retí òkúta yíyọ́ á rò pé òun máa rí i tó ń bọ̀, òun á sì sáré. Ní August 30 ọdún yẹn kan náà, ìkùukùu tún sọ̀ kalẹ̀, ó dé ìlú Morne-Rouge tí ti àkọ́kọ́ kò pa run, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,000.