Kì í ṣe Ife Stanley ni Mario Lemieux gbà ní 1993

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn ká pé Mario Lemieux, àgbà ọ̀jẹ̀ eléré họ́kì orí yìnyín, gba Ife Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó bá borí ní NHL (líìgì họ́kì Àríwá Amẹ́ríkà) ń gbà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ Pittsburgh Penguins ní sáà tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1991 àti 1992 ló gba ife náà gẹ́gẹ́ bí eléré. Oṣù Kìíní 1993 ni wọ́n kéde pé ó ní jẹjẹrẹ Hodgkin. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ New York Islanders ló lé Penguins jáde ní ìpele kejì ìdíje ife, èyí tó máa ń tẹ̀ lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sáà.

Ẹ̀bùn Art Ross ló gbà ní 1993, èyí tí wọ́n ń fún eléré tó kó àmì jù lọ ní sáà (góòlù tó gbá wọlé àti èyí tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti gbá). Ẹgbẹ́ lápapọ̀ ló ń gba Ife Stanley. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba Art Ross, wọ́n sì ti ń parí kíka àmì rẹ̀ kí ìdíje ife tó bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 60 péré nínú 84 ni Lemieux gbá, síbẹ̀ ó kó àmì 160. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ló gba ìtọ́jú onítànṣán tó kẹ́yìn. Alẹ́ ọjọ́ náà ló gbá góòlù wọlé ní Philadelphia! Ìyẹn nìkan tóbi tó, kò nílò àbùmọ́.

Àìsàn ẹ̀yìn ló bá ife 1991 rìn, kì í ṣe jẹjẹrẹ: iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn jẹ́ kó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 26 péré ní sáà náà, yàtọ̀ sí ti ìdíje ife.

Ẹ wo ojú ìwé rẹ̀ lórí ìkànnì NHL. Wọ́n ya àmì sáà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìdíje ife.